Ọkọ aládùúgbò mi ń lù ú pẹ̀lú oyún nínú, wọ́n ní kó fara dà á nítorí ọmọ

Aránṣọ_Òròkí:

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀. Kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ́ ládùúgbò tí kò ní di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú kó tó di ọ̀sán, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí.

Òṣogbo ni mò ń gbé, apá Òkè Báálẹ̀, nínú ilé fésìmí-àfésìyú. Tọkọtaya kan wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi. Ọkọ ń wa kọ̀rọ̀pẹ̀, ìyàwó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ níwájú ilé. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, àgbà máa tó ọdún mẹ́fà, àbúrò ẹ̀ ò tíì pé mẹ́ta, ìyá wọn sì ti tún lóyún, bí mo ṣe ń wò ó, á ti máa lọ sí oṣù mẹ́fà.

Ìjà wọn ò bẹ̀rẹ̀ lónìí, àmọ́ ó ti wá le sí i látìgbà tí oyún yìí ti dé. Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ṣì ń rán aṣọ ẹbí kan lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí nǹkan dún gbì mọ́ ògiri wọn, kò pẹ́ ni rédíò pariwo sókè. Ọmọ àgbà yẹn ló máa ń yí i sókè kí àbúrò ẹ̀ má bàa gbọ́. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́fà! Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ o, òun ló ronú ẹ̀ fúnra ẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá gbé ẹ̀kọ síta bó ṣe máa ń ṣe, ó fa hìjáábù wálẹ̀ kan iwájú orí, ó lẹ páúdà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń lọ òde ìyàwó, bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti mú mọ́ínmọ́ín fún mi báyìí ni mo rí ojú ìka lọ́rùn ẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní òun yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Balùwẹ̀ wo ló ń fún èèyàn lọ́rùn?

Nǹkan míì tó ń bí mi nínú ni ti owó. Ọkọ ló ń gba owó ẹ̀kọ lálẹ́, á kọ́kọ́ ka ẹ̀kọ tó ṣẹ́kù nínú abọ́, á fi ṣírò iye tó tà, tí owó bá dín péréte, wàhálà dé nìyẹn. Owó ọkọ̀ tí obìnrin yẹn máa fi lọ sí àǹtìnétà, àfi kó tọrọ ẹ̀. Káàdì àǹtìnétà gan-an, àpò ṣòkòtò ọkọ ló ń gbé. Ọkùnrin yẹn tún ti búra pé tí èyí bá tún jẹ́ obìnrin, kó máa gba ilé bàbá ẹ̀ lọ ní Ìkìrun.

Mo bá lándílọ́ọ̀dù sọ ọ́, bàbá ní kí n lọ máa rán aṣọ mi, pé tọkọtaya á parí ìjà lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni màá wá di ọ̀tá. Àwọn ìyá tó wà nínú ilé ní kó fara dà á nítorí ọmọ. Èmi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Ṣé kí n pe ọlọ́pàá ni, ṣé kí n lọ bá ọkọ yẹn fúnra mi, àbí kí n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ará Ìkìrun? Mi ò fẹ́ kí ìyà ẹ̀ pọ̀ sí i nítorí tèmi o. Ẹ gbà mí níyànjú.

BàbáAláyọ̀:

Àbúrò mi, o ṣeun tó o ní àánú lójú. Ṣùgbọ́n rọra o. Mo ti rí i lójú ara mi, aládùúgbò pe ọlọ́pàá sí tọkọtaya, kò ju ọjọ́ kejì lọ ni ìyàwó fúnra ẹ̀ jáde sójúde tó ń bú ẹni tó gbà á sílẹ̀, pé ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Mi ò sọ pé kí ọkùnrin máa lu obìnrin, ìwà ọ̀lẹ ni, pàápàá aláboyún. Àmọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo la ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, a ò mọ ohun tó ń fa ìjà, àwọn obìnrin kan náà wà tí ẹnu wọn mú ju abẹ lọ. Lọ́yà kan sọ fún mi rí pé òfin gan gba ọkọ láàyè kó bá ìyàwó ẹ̀ wí níwọ̀nba. Kí wọ́n pe ẹbí méjèèjì, kí wọ́n pe àlùfáà àdúgbò sí i, kí wọ́n jókòó. Ilé la ti ń parí ọ̀rọ̀ ilé.

Agbẹ̀bí_àtijọ́:

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ọrùn, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ fèsì ti fò ó kọjá. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo fi jẹun ní gbogbo ayé mi, nínú gbogbo ohun tí Aránṣọ kọ yìí, ojú ìka lọ́rùn yẹn ló já mi láyà jù. Ọkùnrin tó bá ti fún ìyàwó ẹ̀ lọ́rùn, ewu pé ó máa pa á lọ́jọ́ kan ti ga ju ti ẹni tó ń gbáni létí lọ fíìfíì. Ọrùn tí wọ́n fún sì lè bàjẹ́ nínú kí ara má fi hàn rárá. Tí ohùn ẹ̀ bá há, tí itọ́ àti oúnjẹ ò lọ dáadáa, tí ẹyinjú ẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó, tí orí ń fọ́ ọ, tàbí tó ní ojú òun ṣú fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ọsibítù ni o, kódà kó ti lé ní ọjọ́ díẹ̀.

Ó kan oyún. Ẹni tí wọ́n gbá níkùn, tàbí tí wọ́n tì lu ògiri, olóbì, ìyẹn ibi ọmọ, lè ya lára ilé ọmọ kí ọjọ́ ìbí tó pé. Àwọn èèyàn máa ń rò pé tí ẹ̀jẹ̀ ò bá ti wá, kò sí wàhálà. Irọ́ ni! Ẹ̀jẹ̀ lè máa dà sínú kó má jáde síta. Ohun tí ẹ máa wò ni pé ikùn le gbagidi tí kò rọ̀ mọ́, ìnira tí kò lọ, ọmọ tó máa ń yí tí kò yí mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyíkéyìí nínú ẹ̀ tí ẹ bá rí, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́, ẹ má dúró de ọkọ, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ. Tó bá sì jẹ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ jẹ́ nẹ́gátíìfù, abẹ́rẹ́ kan wà tó yẹ kó gbà láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, kí ara ẹ̀ má bàa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà.

Kódà tí olóbì ò bá ya, lílù náà ò lọ lásán. WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 2013 pé tí a bá fi obìnrin tí ọkọ ń lù wé àwọn tí wọn ò lù, ó fi ìdá 16 nínú 100 jù wọ́n lọ láti bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì ń mú wọn tó ìlọ́po méjì. Ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n ni àìsàn kékeré máa ń gbé lọ. Ẹ tún wá wo ti owó ẹ̀kọ yẹn. Ọmọ tuntun máa gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, á gba ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá, á gba ti mísùúsù ní oṣù mẹ́sàn-án. Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ yẹn ní ilé ìlera ìjọba, àmọ́ kọ̀rọ̀pẹ̀ kì í gbéni lọ́fẹ̀ẹ́. Obìnrin tí kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ara ẹ̀, tó jẹ́ pé inú ọkọ gbọ́dọ̀ dùn kó tó lè gbé ọmọ jáde, ọmọ ẹ̀ ló máa pàdánù abẹ́rẹ́. Mo ti rí wọn tí wọ́n gbé ọmọ olóṣù méje wá fún abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ẹ bá bi wọ́n wọ́n á ní àwọn gbàgbé. Wọn ò gbàgbé.

Ní ti ọkùnrin tó fẹ́ ọmọkùnrin, ẹ bá mi sọ fún un pé òun ló ń pín in. Ẹyin obìnrin, irú kan ṣoṣo ló máa ń gbé wá. Inú àtọ̀ ọkùnrin ni irú méjì wà, èyí tó ń di ọkùnrin àti èyí tó ń di obìnrin, èyí tó bá kọ́kọ́ bá ẹyin ló jẹ́ ọmọ. Tó bá fẹ́ bínú sí ẹnì kan, kó lọ dúró síwájú jígí.

Ohun tí ẹ lè ṣe báyìí, Aránṣọ, ni pé kí ẹ bá a dé ibi àǹtìnétà, kò dìgbà tí káàdì bá wà lọ́wọ́ ẹ̀. Fáìlì ẹ̀ wà lọ́hùn-ún, kó dárúkọ, wọ́n á yọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ kì í bi obìnrin léèrè ọ̀rọ̀ báyìí níwájú ọkọ, á ní kí ọkọ dúró síta kí òun yẹ ikùn wò, ibẹ̀ ló ti máa bi í. Tí ọkọ bá sì ní dandan òun gbọ́dọ̀ wọlé, nọ́ọ̀sì á ti fi ojú ara ẹ̀ rí nǹkan. Ẹ má fi WhatsApp bá a sọ̀rọ̀ yìí o, ọkùnrin tó ń ka ẹ̀kọ kò ní ṣàìka mẹ́sééjì.

Mo fẹ́ fi èyí kún un nítorí àwọn míì tó ń kà tí wọn ò ní lè béèrè: ẹni tí wọ́n bá fipá bá lò, ọkọ ni o tàbí ẹlòmíì, oògùn tó ń dènà kòkòrò éèdì wà, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, èyí tó ń dènà oyún ṣì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ karùn-ún, àmọ́ bó bá ṣe tètè lò ó ló dáa sí.

Lọ́yà_Gbọ́ngán_Road:

BàbáAláyọ̀, ẹ má bínú sà, ẹni tó bá yín sọ̀rọ̀ òfin yẹn sọ ààbọ̀. Penal Code, òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò lókè Ọya, ló ní àbala 55 tó gba ọkọ láàyè láti bá ìyàwó wí, òun náà sì ní kò gbọ́dọ̀ ṣe é léṣe gidi. Òfin tiwa níbí kò ní irú ẹ̀. Ní Òṣogbo, ẹni tó lu ìyàwó ẹ̀ àti ẹni tó lu oníkọ̀rọ̀pẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ní gáréèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n níwájú òfin.

Ó tún kọjá ìyẹn. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní VAPP, tó ta ko kí wọ́n máa hùwà ipá sí èèyàn, Jonathan ló buwọ́ lù ú ní oṣù karùn-ún 2015 kó tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ẹni tó bá lu ìyàwó tàbí ọkọ ẹ̀, ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 3 lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju N200,000 lọ tàbí méjèèjì. Àbújá ni òfin yẹn dé tààrà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wá ń ṣe tirẹ̀, Ọ̀ṣun náà ti ṣe tirẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa o, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni òfin 2015 yẹn mọ̀. Kí ọkọ fipá lé ìyàwó jáde nílé wà níbẹ̀. Kó gba owó mọ́ ọn lọ́wọ́ tó fi jẹ́ pé kò lè dá nǹkan kan ṣe láìtọrọ wà níbẹ̀. Kó pa ìyàwó àti ọmọ tì láìfún wọn lóúnjẹ wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ yìí kì í ṣe àṣejù lásán, òfin mọ̀ ọ́n.

Kọ́ọ̀tù lè fún obìnrin ní àṣẹ ààbò, tó máa ní kí ọkọ má fọwọ́ kàn án mọ́, kó má sún mọ́ ibi tó wà pàápàá. Tí obìnrin yẹn bá fọwọ́ sí i, òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà lè bá a tọrọ ẹ̀, kò pọn dandan kó jẹ́ òun ló máa dá a ṣe.

Ìbẹ̀rù tó máa ń dá wọn dúró jù ni pé ọmọ ti bàbá ni, pé tí òun bá jáde wọ́n á gba ọmọ. Mo máa ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́. Tó bá jẹ́ ìdána tàbí yìgì ni wọ́n ṣe láìlọ sí rẹ́jísìrì, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ló máa gbọ́ ẹjọ́ wọn, tó bá jẹ́ ti rẹ́jísìrì, High Court ni. Kọ́ọ̀tù méjèèjì, ire ọmọ ni wọ́n á kọ́kọ́ wò. Adájọ́ kò ní torí pé ọkùnrin ló san owó orí kó wá gbé ọmọ ọdún méjì fún ẹni tó ń fún ìyá ẹ̀ lọ́rùn. Owó lọ́yà? Kó lọ sí Legal Aid Council, ti ìjọba àpapọ̀ ni, àwọn tí ò ní owó ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún, wọ́n ní ọ́fíìsì ní Òṣogbo níbí. FIDA náà wà, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà ni. Ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ obìnrin wà ní Sẹkitéríà Abéré, ibẹ̀ ni àwọn wẹ́fíà wà.

Ní ti pé kí o lọ bá ọkọ yẹn fúnra ẹ, má ṣe é. O ti jáde nínú yàrá ẹ̀ tán, ìyàwó ẹ̀ ló kù síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.

Dáre_Àlékúwodò:

Mi ò kì í kọ nǹkan síbí, mo kàn máa ń kà ni, àmọ́ nítorí ọmọ tí wọ́n ń sọ yìí, èmi ni ọmọ yẹn. Màmá wa fara dà á nítorí wa. A mọ ìró bọ́ọ̀sì bàbá wa láti ìtá, tó bá ti pa géètì dè pẹ̀lú agbára, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi á ti wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ń tọ̀ sílé títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo ń kólòlò, tíṣà rò pé olódo ni mí, ó ń nà mí nítorí ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Ìgbà tí bàbá wa kú ni àkólòlò yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kí Ọlọ́run dárí jì mí pé mò ń sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti gbéyàwó báyìí, ó ń lù ú. Mo bá a wí, mo ní ṣé o ti gbàgbé ilé wa ni. Ẹ gbọ́ ohun tó wí fún mi: "Ṣé màmá wa kú ni?"

Ọmọ tó ń yí rédíò sókè yẹn ò ní gbàgbé.

Ìyá_Aláró:

Ẹ̀yin lọ́yà àti nọ́ọ̀sì ti ṣe tiyín, èmi ìyá ọjà máa sọ tèmi. Owó ló so obìnrin yẹn mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sòótọ́. Òṣogbo tí a ń kì ní aró dẹ̀dẹ̀ bí òkùnkùn, ta ló ń re aró yẹn? Àwọn ìyá wa ni. Wọ́n ń re aṣọ, wọ́n ń tà á, owó wọn sì wà lábẹ́ irọ́ wọn, kò sí ọkọ tó ń wá ka aṣọ inú ìkòkò. Ìgbà wo ni ọkọ ń gba owó ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyàwó di àṣà wa?

Àìpẹ́ yìí mo gba obìnrin kan níyànjú ní ọjà wa, mo ní kó má dá gbogbo owó ẹ̀ wálé mọ́, kó máa fi díẹ̀ dá àjọ lọ́dọ̀ alájọ tí ọkọ ò mọ̀, kódà kó jẹ́ igba náírà lójúmọ́. Àwọn kan ní mò ń kọ́ obìnrin ní ìwàkiwà. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹlẹ́kọ yìí, ọkọ ń ka ẹ̀kọ, àmọ́ kò lè ka jàrá àti èyí tó bá jẹ níwájú ilé. Tí Aránṣọ bá lè bá a tọ́jú owó tó bá yọ níbẹ̀, kó bá a tọ́jú ẹ̀, tí ọjọ́ tó máa sá bá dé kò ní máa wá owó ọkọ̀ Ìkìrun kiri pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn.

BàbáAláyọ̀, àlùfáà àti ẹbí ò burú, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹbí tí mo mọ̀, obìnrin ni wọ́n máa ń ní kó kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lẹ́yìn tí wọ́n ti lù ú. Tó bá padà sílé bàbá ẹ̀ wọ́n á ní ó dálémoṣú, ojú á máa ti ìyá ẹ̀ ní ọjà, wọ́n á tún dá a padà pẹ̀lú ìyànjú. Ẹ rántí Osinachi Nwachukwu, olórin ìyìn yẹn. Ó kú ní oṣù kẹrin 2022. Kọ́ọ̀tù gíga ní Àbújá dájọ́ ikú fún ọkọ ẹ̀ ní oṣù kẹrin 2025, àwọn ọmọ wọn sì wà lára àwọn tó wá jẹ́rìí ta ko bàbá wọn. Obìnrin tí gbogbo Nàìjíríà ń kọ orin ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn ti mọ̀ pé ìyà ń jẹ ẹ́, wọ́n ń gbàdúrà fún un.

BàbáAláyọ̀:

Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ti òfin yẹn, mo gbà fún lọ́yà. Ti ọrùn yẹn náà, mi ò mọ̀ pé ó tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má bú mi, ẹ̀yin ń sọ pé kó jáde, ta ló máa gbà á pẹ̀lú ọmọ méjì àti oyún? Ìjọba tí ẹ ń dárúkọ yìí, ṣé wọ́n á fún un nílé gbé? Ìmọ̀ràn tèmi ni ẹgbẹ́ onímọ́tò. Oníkọ̀rọ̀pẹ̀ lè má bẹ̀rù ọlọ́pàá, àmọ́ ó bẹ̀rù alága gáréèjì, nítorí alága lè ní kó má gbéèrò mọ́. Mo mọ àgbà kan lára wọn ní Old Garage. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo látẹnu ẹ̀ tó.

Lọ́yà_Gbọ́ngán_Road:

Ó lè ṣiṣẹ́ o, bàbá, mi ò ní parọ́. Àmọ́ kì í ṣe nísinsìnyí. Tí alága bá bá a wí lónìí, ìbéèrè tó máa bi ìyàwó ẹ̀ lálẹ́ òní ni pé ta lo sọ fún. Ìgbà tí ọkùnrin báyìí bá fura pé ọ̀rọ̀ ti ń jáde, tàbí pé obìnrin fẹ́ lọ, ìgbà yẹn gan-an ló léwu jù. Kí obìnrin náà kọ́kọ́ wà níbi tí ọwọ́ ọkọ ò tó, ká tó dé gáréèjì.

Òun ló sì máa pinnu bóyá òun máa lọ àti ọjọ́ tí òun máa lọ. Aránṣọ, má fipá mú un. Ọkọ ń pàṣẹ fún un, kí aládùúgbò má tún wá máa pàṣẹ. Ohun tó o lè ṣe ni kí o bá a tọ́jú bátí sátífíkéètì àwọn ọmọ, nọ́ńbà NIN ẹ̀, aṣọ díẹ̀. Tó bá gbà kí o ya àpá ẹ̀ ní fọ́tò, yà á, fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó o fọkàn tán tí kì í gbé nínú ilé yẹn. Kọ ọjọ́ tó o gbọ́ ìjà sílẹ̀ àti ohun tó o gbọ́, ó máa wúlò ní kọ́ọ̀tù. Lálẹ́ tó bá tún ṣẹlẹ̀, má já wọlé. Kan ilẹ̀kùn, ní o fẹ́ yá ìṣáná tàbí iyọ̀, ohùn ẹlòmíì lẹ́nu ọ̀nà máa ń dá ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ kọ́. Tó bá ju ìyẹn lọ, pariwo kí gbogbo ilé jáde, kí o pe ọlọ́pàá.

Aránṣọ_Òròkí:

Ẹ kú àdúrótì. Mi ò lè dá a yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ Iléyá ti kún ọwọ́ mi.

Mo ní kó bá mi gbé aṣọ oníbàárà dé Ìgbóǹnà, ọkọ ẹ̀ gbà torí mo ní màá fún un lówó iṣẹ́. A yà síbi àǹtìnétà. Bẹ́ẹ̀ ni Agbẹ̀bí ṣe wí gẹ́lẹ́, wọ́n yọ fáìlì ẹ̀ láìsí káàdì. Ọmọ ń yí dáadáa, adúpẹ́, àmọ́ bíípì ẹ̀ ga, wọ́n ní kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ọ̀sì mú un wọ yàrá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀ gan, nígbà tó jáde ojú ẹ̀ ti wú. Ó sọ fún mi lọ́nà pé kì í ṣe balùwẹ̀. Mo ní mo mọ̀.

Kò tíì fẹ́ lọ o. Ó ní òun fẹ́ bímọ ná. Mo fẹ́ jà, àmọ́ mo rántí ohun tí lọ́yà wí. Bátí sátífíkéètì àwọn ọmọ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣìnì mi, owó jàrá náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní kí n bá òun wá nọ́ńbà ẹ̀gbọ́n ìyá òun tó wà ní Ìrágbìjí, pé ìyẹn kò ní dá òun padà. BàbáAláyọ̀, ẹ bá wa fi nọ́ńbà àgbà gáréèjì yẹn pa mọ́ sọ́wọ́, ẹ má pè é o.

Ìbéèrè kan ló kù. Obìnrin kan nínú ilé ní tí a bá dé tésàn wọ́n á gba owó lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó kọ ọ̀rọ̀ wa sílẹ̀, pé owó bíírò àti pépà. Ṣé òótọ́ ni?

Lọ́yà_Gbọ́ngán_Road:

Kò sí owó lórí ká fẹjọ́ sùn. Béèlì náà, ọ̀fẹ́ ni, wọ́n kọ ọ́ sára ògiri tésàn gan-an. Tí ẹnikẹ́ni bá bèèrè owó bíírò, ẹ ní kó fún yín ní rìsíìtì. Ẹ béèrè fún àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé, ẹ ní ẹ fẹ́ bá ọlọ́pàá obìnrin sọ̀rọ̀, kí ẹ sì gba ìwé tí wọ́n máa fi rán an lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò. Èmi náà lè tẹ̀lé yín tó bá dọjọ́ náà, ẹ fi mẹ́sééjì sí inbọ́ọ̀sì mi.